Abúlé tí Mo Kọ Sílẹ̀ ní Ahoro

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ, nítorí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kò sì ní í dákẹ́ nítorí tiwa. Àwọn òbí yín ní kí n máa kọ́ yín ní èdè wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, mo sì ti ń ṣe é láti ìgbà tí ẹlòmíràn nínú yín kò tíì lè kí àgbà láìkọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Lónìí, Tómíwá béèrè bí Àbújá ṣe rí kí ó tó di olú-ìlú. Ìbéèrè ọmọdé ni, kò sì mọ ohun tí ó fọwọ́ kàn. N óò dáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ má rò pé ọjọ́ ogbó nìkan ni.

Ẹ gbàgbé Gwarinpa tí ẹ mọ̀ yìí, tí ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí mọ́tò sì ń tò lójú ọ̀nà rẹ̀ bí èèrùn lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìhà gúúsù ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí Kabusa àti Lokogoma wà lónìí. Ilẹ̀ náà kò tíì di ti ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Àgbègbè ìgbèríko kan ni, hákímì sì ni olórí rẹ̀. Ó ní ẹṣin méjì, ó ní dògárì kan, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, tí ó máa ń fi ohùn líle kéde bí hákímì bá fẹ́ jáde, àní bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ. Lábẹ́ hákímì ni àwọn baálẹ̀ abúlé wà, lábẹ́ baálẹ̀ sì ni àwọn àgbà agbo-ilé wà. Èmi ni akọ̀wé ọ́fíìsì, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo láàárín wọn, tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún ojú.

Bí ẹ bá gun àpáta tí ó wà lẹ́yìn Kabusa nígbà náà, ẹ óò rí gbogbo àgbègbè wa lẹ́ẹ̀kan náà: òkè olókùúta ní ìlà-oòrùn, igbó ṣíṣí tí igi òrí àti igi irú kún inú rẹ̀, odò kéékèèké tí wọ́n ń ṣàn lọ sí gúúsù, àti èéfín. Èéfín ni mo fi ń mọ abúlé. Bí mo bá gun àpáta náà lówùúrọ̀ kùtù, mo lè nàka sí èéfín kọ̀ọ̀kan kí n sì pe orúkọ baálẹ̀ tí ó jókòó nídìí rẹ̀. Àwọn Gbàgyí ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, àwọn tí àwa ń pè ní Gwárí. Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí rárá. Bí àwọn obìnrin bá ń ti oko igi bọ̀, ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ wọn kí ẹ tó rí wọn, nítorí bí ẹrù bá fẹ́ kúrò ní èjìká ọ̀tún lọ sí ti òsì, gbogbo wọn á jọ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì ń gbọ́ èémí yẹn nígbà mìíràn bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́.

Kò sí ọgbà, kò sì sí géètì. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, àgbà méjì láti abúlé kan àti méjì láti abúlé kejì á jọ rin ààlà wọn, wọn á máa fi ọkọ́ họ koríko ojú rẹ̀, wọn á sì jókòó mu ọtí ọkà bàbà níbi tí ó bá parí sí. Bí wọ́n bá jà lọ́dún kan, ọtí náà ló ń parí rẹ̀ lọ́dún kejì. Ní oṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Lokogoma kí n lọ wo odò kan tí mo fi ọwọ́ ara mi yà sórí ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì kan dá wa dúró.

Ó ní, “Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?”

Mo ní, “Odò ni mo fẹ́ rí.”

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ títí. “Bulọ́ọ̀kù wo ló ń gbé?”

Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, títí a fi wọlé tí mo sì rí i pé wọ́n ti gbé odò náà sínú kọnkéré, tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ dé e lórí, tí àwọn ènìyàn sì ń páàkì mọ́tò lé e. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo ya àwòrán àgbègbè yìí, ṣùgbọ́n mo dúró sí àárín rẹ̀ bí àlejò.

Bí a ṣe ń ṣe àkóso nígbà náà yóò yà yín lẹ́nu. Àwọn baálẹ̀ kò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni hákímì sì gbọ́dọ̀ mọ iye ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó lè gba owó-orí. Nítorí náà, lẹ́yìn ìkórè, baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé ìdì pòpórò ọkà bàbà wá sí ọ́fíìsì. Pòpórò kan dúró fún ilé kan. Bí iná bá jó ilé kan lọ́dún náà, wọn á fi iná kan orí pòpórò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ opó ló ń dá gbé inú ilé, wọn á ṣẹ́ pòpórò náà láàárín láìjẹ́ kí ó já. Mo máa ń tú ìdì náà sórí ẹní, mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ ṣàkàṣàkà, n óò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ á jókòó tì mí, á máa ṣàlàyé: “Èyí ni ti àbúrò mi. Èyí ni ti aládùúgbò tí ó kọ̀ láti fẹ́ aya. Èyí ni ti ẹni tí ajá rẹ̀ bù ọ́ jẹ ní èṣí.” Láàárín ọdún méjì, kò sí ilé kan tí n kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. N kò ní í fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bò ó. Ọ̀gá mi ní olú-ilé iṣẹ́ máa ń fi ìwé mi han àwọn akọ̀wé mìíràn. Nígbà tí wọ́n ní kí n ya àwòrán ilẹ̀ àgbègbè náà, mo ya gbogbo odò rẹ̀, gbogbo òkè rẹ̀, mo kọ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ orúkọ tèmi sí igun ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìrù gígùn tí ó ká kòròkòrò. Bí mo bá mọ ibi tí orúkọ yẹn yóò mú mi dé, ǹ bá ti fi igun náà sílẹ̀ lófìfo.

Abúlé kan wà tí kò mú pòpórò wá. Zhibéyì ni orúkọ rẹ̀, ó wà lódì kejì odò tó jìnnà jù lọ ní àgbègbè náà. Baálẹ̀ tó múlé tì wọ́n ní ìdí kan wà, ṣùgbọ́n mo kánjú, n kò jókòó gbọ́ ọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ilé wa kí n tó tẹ̀síwájú. Lágbègbè Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ahoro pọ̀, àwọn ìlú tí ogun àtijọ́ tú ká. Bí a bá ń kọjá lẹ́bàá ọ̀kan, màmá mi àgbà á di ọrùn ọwọ́ mi mú, á ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n má sì mú èso kankan níbẹ̀. Ara ògiri tí kò ní òrùlé ni mo ti kọ́kọ́ mọ ẹ̀rù láyé mi.

Nígbà tí mo dé Zhibéyì, ohun tí mo rí nìyẹn. Ògiri amọ̀ róbótó róbótó, bí ìkòkò tí wọ́n ṣí ìdérí wọn, kò sí òrùlé lórí ọ̀kankan. Eérú tútù wà nínú ààrò. Odó kan wà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń wọ inú ògiri kan, ó ń gba òmíràn jáde, ó sì ń hu bí ẹni tí inú ń run. Mo kígbe kí wọn lẹ́ẹ̀kan. N kò kígbe lẹ́ẹ̀kejì. Ó yẹ kí n bi ara mi pé ta ni ń sá fún ogun tí yóò rántí dojú odó rẹ̀ délẹ̀ kí òjò má baà wọ̀ ọ́. N kò bi ara mi ní nǹkan kan. Mo yọ pẹ́ńsùlù, mo kọ “ahoro”, mo sì wa kẹ̀kẹ́ náà láìwẹ̀yìn títí mo fi rí èéfín abúlé mìíràn.

Òfin ọ́fíìsì wa ni pé a kò gbọdọ̀ fi tádàwà kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí akọ̀wé yóò fi padà débẹ̀ nígbà òjò, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òun fi ojú ara òun rí i. Òfin tó dára ni. Ẹni tó ṣe òfin náà mọ ilẹ̀ yìí ju mí lọ.

Oṣù tí òjò pọ̀ jù lọ ni mo padà lọ, èmi àti mẹ́sẹ́njà wa, Dántanì, Gbàgyí gíga kan tí ó máa ń kọrin bí ó bá ń rìn. Odò tí mo ti wa kẹ̀kẹ́ kọjá nínú yanrìn rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti kún dé ẹnu, ó pupa, ó ń ru, ó ń gbé odindi igi lọ. Ìtì igi kan ni afárá. Dántanì kọ́kọ́ gùn ún. Ó dé àárín, ìtì náà yí, omi sì gbé e. Mo rí orí rẹ̀, n kò rí i mọ́, mo tún rí i. Ó dì mọ́ ẹ̀ka kan ní ìsàlẹ̀, ó fa ara rẹ̀ jáde sí bèbè tiwa, ó tu omi lẹ́nu, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́ ọ, Tómíwá. Rárá, n kò lè lúwẹ̀ẹ́. N kò lè lúwẹ̀ẹ́ títí di òní.

Dántanì ní, “Màláàmù, kí a jókòó díẹ̀. Yóò fà tó bá di ọ̀sán, a óò kọjá.”

Mo dúró níbẹ̀ tí eyín mi ń lu ara wọn. Ìgbà náà ni àkùkọ kan kọ lódì kejì. Ó kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbójú sókè, mo sì rí èéfín lẹ́yìn òkè kékeré ibẹ̀, tínínrín, funfun, ó ń lọ sókè nínú òjò.

Mo ní, “Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Jẹ́ ká padà.”

Dántanì wò mí. Ó wo èéfín náà. Ó tún wò mí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Màláàmù. Èmi ò mọ̀wé.” Kò kọrin mọ́ títí a fi délé.

Mo fi tádàwà kọ ọ́. Mo kọ pé mo débẹ̀ nígbà òjò, pé n kò rí ẹnì kankan. Mo fọwọ́ sí i. Ìwé náà lọ sí olú-ilé iṣẹ́, àwòrán ilẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n yìn mí.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni mo mọ òtítọ́. Mo dá nìkan wà lórí kẹ̀kẹ́, ìkùukùu ọyẹ́ bo ilẹ̀, mo sì rí òrùlé koríko kan tí ó ń bọ̀ lọ́nà. Odindi òrùlé, ṣóńṣó rẹ̀ ń tọ́ka sí ọ̀run, ó ń rìn. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo fò sínú kòtò, ìgò tádàwà sì dà sí ṣòkòtò funfun mi. Mo ń gbàdúrà sókè ní èdè Yorùbá nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ òrùlé àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan yọ orí síta, ìyàwó tuntun, amọ̀ pupa ṣì wà lára irun rẹ̀. Jummai ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, “Kai, Màláàmù! Ṣé òrùlé kì í rìn nílùú tiyín ni?”

Àwọn tó kù sọ òrùlé sílẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ará Zhibéyì ni gbogbo wọn. Lọ́dọọdún, bí iṣẹ́ oko bá ti parí, wọ́n á ṣí òrùlé wọn, wọ́n á gbé e sí èjìká lọ sí etí odò ńlá, níbi tí wọ́n ti ń pẹja, tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ sínú ilẹ̀ tútù. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, wọ́n á gbé òrùlé padà sórí ògiri wọn. Koríko tó dára ṣọ̀wọ́n, wọn kò ní fi í sílẹ̀ fún ikán. Wọ́n bá mi gbé kẹ̀kẹ́ dìde, wọ́n fún mi ní ẹja gbígbẹ, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Mo lè ṣàtúnṣe lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀wé pé abúlé wà, wọn yóò bi mí pé kí ni mo rí nígbà òjò. Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé mi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ yìí fún olú-ìlú. Ìwé wa ni wọ́n fi mọ àwọn abúlé tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé ní ẹ̀tọ́. Èyí tí kò sí nínú ìwé, wọ́n ní ẹni tó bá wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já ilẹ̀ gbà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá àgbà kan wọ ilé yìí pẹ̀lú ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìwọ lo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, Tómíwá. Wọ́n bá mi lórí àga yìí gan-an.

Ìyá àgbà náà ní, “Sànnu, Màláàmù.”

Mo ní, “Yauwa, sànnu.” N kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, “Tádàwà yẹn bọ́ lára ṣòkòtò rẹ?”

Jummai ni. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri gbogbo ilé Zhibéyì. Ẹ̀sítéètì ti yí wọn ká, ojú ọ̀nà tuntun kan sì fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilẹ̀, ìgbìmọ̀ sì gbé àwòrán àtijọ́ jáde: ahoro. Ọmọ àbúrò rẹ̀ rí orúkọ tó wà ní igun, ó wá mi títí ó fi rí mi lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì.

Jummai ní, “Nígbà owó-orí, o gbàgbé wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọdún púpọ̀ ni a fi rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí ó kan ilẹ̀, o ò wá rántí wa.” Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yìn ilé mi ni mo sin ọkọ mi sí. Sọ fún wọn pé o rí wa.”

Ó rò pé àṣìṣe ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó rò pé ara ògiri ṣíṣí ló tàn mí jẹ. Kò mọ̀ nípa àkùkọ.

Ọmọ mi Adéwálé, bàbá Tómíwá, kò fẹ́ kí n lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba lòun náà, ẹ mọ̀. Ó dúró níwájú mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fẹ́ dúró níwájú ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ sọ pé ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí kì í ṣe òótọ́?”

“Àṣìṣe ni, Wálé.”

“Wọn ò ní pè é ní àṣìṣe. Fọ́jìrì ni wọ́n máa pè é. Orúkọ kan náà ni gbogbo wa jọ ń jẹ́ nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn.”

“Kò sí ẹlòmíràn. Gbogbo àwọn tó kù ti kú.”

“Ẹ̀yin náà ti dàgbà, Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò rántí mọ́. Ta ló máa bá yín jà?”

Mo kọjú sí fèrèsé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí. Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ọmọ àbúrò Jummai lórí fóònù pé, “Ọmọ mi kò tíì gbà.” Mo sọ ọ́ bí baba tí ọmọ ń tì mọ́lé. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń jí, tí àyà mi á já, tí n óò rántí pé Wálé ti ní kí n má lọ, tí ọkàn mi á sì rọlẹ̀ díẹ̀ kí n lè mu ẹ̀kọ mi.

Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó kẹ́yìn lórí Zhibéyì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́rìí pé abúlé náà wà kí olú-ìlú tó dé, kátàpílà yóò wọ ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Lówùúrọ̀ òní, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe Adéwálé wọ yàrá mi. N kò mọ ohun tó mú mi ṣe é. Mo sọ fún un nípa odò. Mo sọ fún un nípa àkùkọ tí ó kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti èéfín, àti ojú tí Dántanì fi wò mí. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ títí ó fi kú. Mo ní lọ́kàn mi pé bí ó bá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti burú tó, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ó ká táì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìka, kò so ó.

Ó ní, “Àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ẹ sì mọ̀.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ó ti dàgbà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Aago mélòó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ débẹ̀ lọ́la?”

“Aago mẹ́wàá.”

“Màá gba àyè níbi iṣẹ́. Èmi ni màá gbé yín lọ.”

Ẹ óò rò pé ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti sọ ọ́ ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí. N kò gbọ́ ìwàásù kankan lónìí. Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ bá pásítọ̀, mo rò ó fún un, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n lọ. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ fẹ̀yìn tì, ojo bíi tèmi. Òun náà ní kí n lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ fún mi pé kí n jókòó sílé. Ẹ̀yin ni ó kù. Mo rí i lójú ẹlòmíràn nínú yín pé àánú mi ń ṣe é, pé ó fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ má sọ ọ́.